Ọṣẹ Ìfọṣọ Lórí Tábìlì Iṣẹ́ Mi

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Mọ̀ríámọ̀ lorúkọ mi, àmọ́ láti Ìyànà Ìbà títí dé Òkókomàíkò, Ìyá Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè mí. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi tún ẹ̀rọ ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì sílé mi ní Àjàǹgbàdì. Nísinsìnyí tí mo wá jókòó, ìbéèrè kan náà lẹ fi ń dà mí láàmú: "Mama, láptọ́ọ̀pù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń ṣẹ́po dé ẹ̀yìn yìí, èyí tí owó ẹ̀ ò wọ́n, ṣé kí n rà á?"

Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ fẹ́ gbọ́. Mi ò lè fi ẹnu kan dáhùn. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni mo fi ọwọ́ ara mi bà jẹ́ nígbà kan, iṣẹ́ tí ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ fi jáde yunifásítì sì wà nínú ẹ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rìn dé ìdí kòtò náà.

Ilé ẹ̀kọ́ títẹ̀wé ni bàbá mi kọ́kọ́ fi mí sí ní Ìyànà Ìbà. Káfíńtà ni wọ́n, ará Ìlaròó, wọ́n sì fẹ́ kí ọmọ àwọn jókòó sí ọ́fíìsì lábẹ́ fáànù. Mo mọ̀ ọ́n tẹ̀. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, n kì í wo ọwọ́. Ṣùgbọ́n nínú taipuráítà mẹ́fà tó wà níbẹ̀, mẹ́ta ló máa ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá dára. Ọkùnrin kan ló máa ń wá tún wọn ṣe, Ọ̀gá Bánkọ́lé, ará Abẹ́òkúta, ẹni gíga tí kì í rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ti tú ẹ̀rọ palẹ̀ báyìí, ojú mi ò ní kúrò lọ́wọ́ wọn mọ́. Lọ́jọ́ kan mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí." Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ obìnrin?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èékánná ẹ gùn jù. Lọ gé e ná."

Mo lọ gé e. Bí mo ṣe wọṣẹ́ nìyẹn. Ohun tí bàbá mi san, àti ohun tí wọ́n sọ nílé kí wọ́n tó gbà, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá kò jìnnà sí bárékè Ọ̀jọ́, iṣẹ́ àwọn akọ̀wé ológun ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, mi ò fọwọ́ kan síkúrùdíráfà. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń fọ eyín taipuráítà, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì. Iṣẹ́ mi kejì ni kí n máa bójú tó ọṣẹ. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Bí Ọ̀gá bá fẹ́ tú ẹ̀rọ kan, wọ́n á gbé odidi ọṣẹ ìfọṣọ kan, èyí gígùn, sórí tábìlì. Apá ibi tí wọ́n tẹ orúkọ ọṣẹ sí ni iwájú ẹ̀rọ. Síkúrù tí wọ́n bá tú lápá ọ̀tún ẹ̀rọ, apá ọ̀tún ọṣẹ ni màá gún un sí. Èyí tó bá wá láti àárín, àárín náà ló ń lọ. Nígbà tí wọ́n bá fi máa tú u tán, gbogbo síkúrù á ti dúró lára ọṣẹ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe dúró lára ẹ̀rọ. Bí a bá wá ń dá wọn padà, ọṣẹ tó lẹ̀ mọ́ wọn lára á jẹ́ kí wọ́n wọlé láìjà.

"Síkúrù kọ̀ọ̀kan ló nílé tiẹ̀," ni Ọ̀gá máa ń sọ. "Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀."

Nígbà mìíràn wọ́n á dédé fa ọ̀kan yọ, wọ́n á gbé e sí mi lójú. "Mọ̀ríámọ̀, ilé tèyí dà?" Bí mo bá ṣì í, a ó tú gbogbo ẹ̀ padà, àní bí ebi ń pa wá. Lọ́jọ́ kan tí mo fẹ́ fi agbára ti síkúrù kan tó ń kọ̀, wọ́n gbá mi lọ́wọ́. "Bó bá kọ̀, kì í ṣe ilé ẹ̀ nìyẹn! Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ara..." Wọ́n rántí pé obìnrin ni mí, wọ́n húkọ́, wọ́n gbé ìyókù òwe náà mì. Èmi náà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọṣẹ tó bá ti kún fún ihò, èmi ni wọ́n ń fún lọ sílé. Ìyá mi fi ọ̀kan fọ aṣọ Jímọ̀ bàbá mi, ni síkúrù kékeré kan tó ṣẹ́kù sínú ẹ̀ bá ya aṣọ ọ̀hún láti ọrùn dé igbáàyà. Ìyá mi fẹsẹ̀ rìn láti Ìbà wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbé síkúrù náà sílẹ̀ níwájú Ọ̀gá. "Ohun ìní yín rèé," ni wọ́n wí, "ọkọ mi ò lè wọ àkísà lọ kírun." Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rí Ọ̀gá Bánkọ́lé tí wọ́n rẹ́rìn-ín. Bí ìyá mi ti ń yí ẹ̀yìn padà ni wọ́n ní kí n lọ tú ẹ̀rọ tí mo tò lánàá palẹ̀, nítorí síkúrù ẹ̀ kan ti lọ sílé wa.

Ohun kan tún wà tí mo kọ́ lọ́dọ̀ wọn tí wọn ò fẹnu kọ́ mi. Akọ̀wé ológun kan gbé taipuráítà ọ̀gá ẹ̀ wá, ẹ̀rọ tuntun. Irin kan ṣẹ́ mọ́ Ọ̀gá lọ́wọ́, irin tí a ò lè rí rà níbì kankan. Mo rò pé wọ́n á ní bó ṣe wá nìyẹn. Ta ló fẹ́ kí sójà na òun? Nígbà tí akọ̀wé náà padà wá, kó tó rí àga jókòó ni wọ́n ti sọ fún un: "Ọwọ́ mi ló ṣẹ́ ẹ. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀rọ yín." Wọ́n gbé taipuráítà tiwọn lé e lọ́wọ́. Àwọn ológun ò fi ṣọ́ọ̀bù wa sílẹ̀ títí ayé taipuráítà fi parí.

Ó sì parí lóòótọ́. Kọ̀ǹpútà dé, àwọn ọ́fíìsì ń da taipuráítà síta. Ọ̀gá ní ojú òun ò lè gbé iṣẹ́ tuntun mọ́, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fún mi ní síkúrùdíráfà mẹ́rin, wọ́n sì súre fún mi. Mo lọ kọ́ṣẹ́ lákọ̀tun ní Alábà lọ́dọ̀ ọmọ Ígbò kan tí mo fi ọdún mẹ́wàá jù lọ. Èmi ń pè é ní Ọ̀gá, òun ń pè mí ní Mummy, a sì gbọ́ ara wa yé. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ìgbà yẹn ò fi nǹkan pamọ́. Ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ á máa wò ẹ́. Bí mẹ́mórì ẹ̀ bá kú, yọ ọ́, fi òmíràn sí i. Láptọ́ọ̀pù tó kọ́kọ́ dé wúwo bíi búlọ́ọ̀kù, àmọ́ ó ṣì ṣeé tú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń tín-ín-rín sí i lọ́dọọdún, títí èyí tó ń ṣẹ́po yìí fi dé, tí èmi ń pè ní aṣẹ́po.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ẹ̀ bó ṣe rí. Aṣẹ́po olówó pọ́ọ́kú fúyẹ́ débi pé o lè gbàgbé pé ó wà nínú báàgì. Bátìrì ẹ̀ máa ń pẹ́, torí kò lágbára púpọ̀ tó máa jẹ iná. Ní àdúgbò tí iná ti ń lọ nígbà tó bá wù ú, ohun ńlá nìyẹn. O lè fọwọ́ tẹ ojú ẹ̀, o lè yí i sẹ́yìn kó dà bíi síléètì. Kì í pariwo, nítorí kò ní fáànù. Àìní fáànù yẹn náà ló ń mú un gbóná bí o bá ṣí nǹkan púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á wá máa wọ́ bí ìgbín. Ihò tí o lè ki nǹkan bọ̀ lára ẹ̀ kò ju méjì lọ. Hínjì tó ń jẹ́ kó ṣẹ́po, tí mo ń pè ní orúnkún ẹ̀, irin gidi ni, àmọ́ ike ni wọ́n dè é mọ́, bó bá sì pẹ́ díẹ̀ ike á fọ́. Èyí tó burú jù ni pé mẹ́mórì àti ibi tó ń kó iṣẹ́ yín pamọ́ sí, wọ́n ti jó méjèèjì mọ́ bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí gbogbo iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ti ń wáyé. Bí bọ́ọ̀dù bá kú, ó kó gbogbo wọn lọ. Àwọn àgbà ní ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tí kò ní owó ògo ńkọ́?

Ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ ń yí padà yìí, ọṣẹ mi ò kúrò lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kó ṣọ́ọ̀bù lọ sí Òkókomàíkò, àwọn ọ̀dọ́ yí mi ká, wọ́n sì ní abọ́ mágínẹ́ẹ̀tì tó ń di síkúrù mú. Kọ́sítọ́mà á wọlé, á rí ọṣẹ, á bú sẹ́rìn-ín: "Mama, ṣé ẹ fẹ́ fọṣọ ni?" Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Mo ra abọ́ mágínẹ́ẹ̀tì, mo ti ọṣẹ sábẹ́ tábìlì. Síkúrù kì í já bọ́ nínú abọ́ náà lóòótọ́, àmọ́ gbogbo wọn á kó ara wọn jọ sójú kan, kò sẹ́ni tó mọ ilé ẹnì kankan mọ́. Mo ní ojú mi ti mọ̀ wọ́n tó. Ìgbéraga lásán ni.

Ọjọ́ Ajé kan ni Tọ́pẹ́ wọlé. Ọmọ yunifásítì ni, ọdún tó kẹ́yìn ló wà, ó gbá aṣẹ́po ẹ̀ mọ́ àyà, ó fi rọ́bà dì í torí orúnkún ẹ̀ kan ti fọ́.

"Mummy, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, hínjì ẹ̀ ló já. Pírójẹ́ẹ̀tì mi wà nínú ẹ̀ o! Thursday ni wọ́n fẹ́ gbà á. Tí mi ò bá submit, mo tún máa lo ọdún kan sí i nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó máa san án fún mi."

"Ṣé o ti kó o sí ibòmíràn?"

"Fáírọ́ọ̀sì ti jẹ fíláàṣì mi. Mo fẹ́ fi sórí email, dátà ló tán."

Ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe ni kí n kó iṣẹ́ náà sórí fíláàṣì tèmi. Mo ní hínjì lásán ni, kò kan inú. Mo ní kó padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Síkúrù mẹ́wàá ló wà nídìí ẹ̀. Mẹ́jọ kúrú, méjì gùn jù wọ́n lọ díẹ̀, ìdí orúnkún sì ni ilé àwọn méjì yẹn. Ìyàtọ̀ wọn kò tó ìdajì hóró ìrẹsì. Mo fi gúlúù lílé tún ike ẹ̀ mọ, mo de orúnkún náà, ó dúró ṣinṣin, inú mi dùn. Mo ń mú síkúrù nínú abọ́ mágínẹ́ẹ̀tì níkọ̀ọ̀kan, mo ń dá wọn padà. Ọ̀kan kọ̀ ní àárín. Ọwọ́ mi mọ̀. Bó bá kọ̀, kì í ṣe ilé ẹ̀ nìyẹn. Mo tún yí i ní ìdajì ìyípo. Nǹkan kan ró tẹ́ nínú lọ́hùn-ún. Nígbà tí mo tẹ ibi tí wọ́n fi ń tàn án, kò tàn. Mo tú síkúrù náà padà, eruku bọ́ọ̀dù ti lẹ̀ mọ́ ẹnu ẹ̀. Síkúrù gígùn ni mo ki bọ ilé kúkúrú.

Mo gbé e sáré lọ bá ọ̀gá mi ní Alábà. Ó gbé e sábẹ́ awò ńlá ẹ̀, ó wò ó títí. "Mummy, e don enter where the work dey," ló wí, ó sì bò ó. "This one don go."

Bí mo ṣe ń padà bọ̀ sílé, mo ń ro ohun tí mo máa sọ. Mo lè sọ pé bó ṣe wá nìyẹn. Láptọ́ọ̀pù tó fọ́, tí a fi rọ́bà dì, ta ni yóò já irọ́ mi? Ọ̀gá Bánkọ́lé ti kú nígbà yẹn, Ọlọ́run nìkan ló ń rí mi. Mi ò ní purọ́ fún yín, irọ́ náà dùn lẹ́nu mi títí mo fi dé ilé. Ẹ̀rù ń bà mí, ojú ń tì mí, mo fẹ́ kí ilẹ̀ yẹn má mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí Tọ́pẹ́ tó jókòó, mo sọ ọ́. "Ọwọ́ mi ló bà á jẹ́. Kì í ṣe ẹ̀bi láptọ́ọ̀pù ẹ. Iṣẹ́ inú ẹ̀ ti lọ."

Kò sunkún. Ì bá sàn kó sunkún. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí símẹ́ńtì, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. "Mummy," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ẹ ti pa mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lára mi dòní. Mo dá a dìde. "Kí ló wà lọ́wọ́ ẹ lórí bébà?" Ó ní orí mẹ́ta àkọ́kọ́ wà, èyí tí olùkọ́ ẹ̀ ti fi bírò pupa kọ nǹkan sí. Orí kẹrin àti ìkarùn-ún ò sí rárá. Àmọ́ ìdáhùn àwọn obìnrin tó ń yan ẹja létí omi Ọ̀jọ́, tó fi ṣe ìwádìí, gbogbo ẹ̀ wà nínú báàgì kan nílé. "Lọ kó gbogbo ẹ̀ wá," ni mo wí.

Nígbà tó fi dé, mo ti palẹ̀ tábìlì mọ́, mo ti gbé kọ̀ǹpútà tèmi síbẹ̀, mo sì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn kọ́sítọ́mà.

"Ta ló máa tẹ̀ ẹ́, Mummy? Ọjọ́ méjì péré ló kù."

"Èmi ni. Máa kà á sí mi létí."

Ó wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. Mo gbé ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lé e. Ó ka gbólóhùn àkọ́kọ́, kó tó mí, mo ti tẹ̀ ẹ́ tán. Ó ka èkejì. Nígbà tó rí i pé mi ò wo ọwọ́, ẹnu ya ọmọ náà, ó dákẹ́. "Máa kà, ọmọ yìí!" ni mo jágbe. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Tọ́pẹ́ ló mọ ọ̀rọ̀ ẹja, èmi ni mo ní ìka.

Orí kẹrin ló fẹ́ gbé wa ṣubú. Ó gbìyànjú láti rántí bó ṣe kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kò rántí, ibẹ̀ ló ti wá sunkún. "Mo ti kọ ọ́ dáadáa ju báyìí lọ, Mummy. Ó dáa gan-an." Mo jẹ́ kó sunkún tán. Mo ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì, a jẹun, mo sì sọ ọ̀rọ̀ ọṣẹ fún un, bó ṣe wà lábẹ́ tábìlì níbi ẹsẹ̀ ẹ̀ tí ìtìjú ò jẹ́ kí n lò ó. Lẹ́yìn náà mo ní, "Fi ìwé sílẹ̀. Kí làwọn ìyá ẹlẹ́ja yẹn bá ẹ sọ? Sọ ọ́ fún mi bí o ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá ẹ." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ, mo ń tẹ̀. Ọjọ́rú ní ìrọ̀lẹ́, a tẹ̀ ẹ́ jáde lórí bébà, mo sì kó o sí ibi mẹ́ta kí n tó jẹ́ kó dìde. Lọ́jọ́ Thursday tó ń bẹ̀rù, olùkọ́ ẹ̀ tún fi bírò pupa fa ìlà sí i, àmọ́ ó gbà á. Tọ́pẹ́ bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ jáde.

Mo fún un ní láptọ́ọ̀pù ńlá kan tí mo ti tún ṣe, kó fi dípò tiẹ̀. Ó kí mi, ó gbé e lọ, kò sì padà wá mọ́. Mi ò lẹ́jọ́ rò, àmọ́ ó dùn mí. Mo gbé ọṣẹ padà sórí tábìlì, ẹni tó bá fẹ́ kó rẹ́rìn-ín, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ títí ojú mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú tí mo ti ṣọ́ọ̀bù.

Oṣù tó kọjá, ẹnì kan ń kan géètì mi. Tọ́pẹ́ ni, ó ti di olùkọ́ nílé ẹ̀kọ́ girama. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó jókòó, ó yọ láptọ́ọ̀pù kan nínú báàgì. Aṣẹ́po ni, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bíi ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́.

"Tọ́pẹ́, o tún lọ ra irú ẹ̀?"

"Mummy, èyí tí ẹ fún mi dáa o, àmọ́ èjìká mi fẹ́ẹ̀ já. Mo ń wọ kẹ̀kẹ́, mo tún ń fẹsẹ̀ rìn. Kò síná ní skúùlù, bátìrì eléyìí ló ń gbé mi dé ìgbà tí a bá ṣe tán. Tí mo bá yí i sẹ́yìn báyìí, àwọn ọmọ kíláàsì á yí i ká, gbogbo wọn á rí i. Owó ọwọ́ mi náà sì nìyẹn."

"Iṣẹ́ inú ẹ̀ ńkọ́?"

"Ibi mẹ́ta ni mo ń kó o sí. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Gbogbo àbùkù ẹ̀ ló mọ̀, ó sì la ojú ẹ̀ sílẹ̀ rà á. Ìdáhùn mi fún ẹ̀yin náà nìyẹn, ìbáà jẹ́ láptọ́ọ̀pù lẹ ń rà tàbí iṣẹ́ lẹ ń yàn: ẹ mọ ohun tí ẹ máa pàdánù níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

"Orúnkún ẹ̀ ti ń mì," ló wí. "Ẹ bá mi dè é kó tó fọ́."

"Mo ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ tó mọṣẹ́ pọ̀ níta."

"Mi ò fẹ́ tiwọn."

"Tọ́pẹ́, èmi tí mo..."

Kò jẹ́ kí n parí ẹ̀. Ó tún ki ọwọ́ bọ báàgì, ó gbé odidi ọṣẹ ìfọṣọ kan, èyí gígùn, sórí tábìlì níwájú mi.

Omi bọ́ lójú mi, mi ò sì nù ún. Mo wọ awò mi. Síkúrù mẹ́wàá náà ni. Èmi ń tú, ó ń gún wọn mọ́ ọṣẹ, oníkálukú sí ààyè ẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ dá wọn padà, mo fa ọ̀kan yọ, mo gbé e sí i lójú. "Ilé tèyí dà?" Ó nàka sí i, kò ṣì í. Mo tò ó, mo bò ó, mo tẹ̀ ẹ́, ó tàn.

Nígbà tó ń palẹ̀ mọ́, ó fẹ́ mú ọṣẹ náà lọ sílé, ó ní òun máa fi fọ aṣọ skúùlù òun. Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, mo gbé e lọ sójú fèrèsé, mo sì wò ó tọ̀tún tòsì bóyá síkúrù kankan ṣẹ́kù sínú ẹ̀.